Abèèrè Kì í Ṣìnà: Ẹ̀kọ́ tí Ẹ̀rọ Wi-Fi Kọ́ Wa ní Ilé Wa ní Ẹdẹ

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti mọ òwe náà láti kékeré, a sì ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ilé tiwa, a kò béèrè, a sì ṣìnà. Ọ̀nà tí a ṣì kì í ṣe ọ̀nà ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò. Ọ̀nà inú afẹ́fẹ́ ni, èyí tí ojú kò rí. Ohun tí ó jẹ́ kí a kọ ọ́ síta ni pé àṣìṣe náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ayọ̀ ńlá kan lọ́wọ́ ìyá wa, ó sì mú kí a bú ọmọ ọlọ́mọ tí kò ṣẹ̀ wá.

Ilé wa wà ní ìlú Ẹdẹ, ní apá Òkè Gada. Bàbá wa ni ó kọ́ ọ. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ apá iwájú, ṣùgbọ́n apá ẹ̀yìn tí ìyá wa ń gbé jẹ́ ògiri amọ̀ àtijọ́ tí ó nípọn, tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú. Ní ọdún 2023, àbúrò wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi owó ránṣẹ́ pé kí a ra ẹ̀rọ Wi-Fi sí ilé, kí òun lè máa rí ojú ìyá ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. A ra ẹ̀rọ náà ní Òṣogbo, a sì gbé e sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Láti ìgbà náà, bí ìyá wa bá ti ti Àsálátù dé ní ọjọ́ Àìkú, tí ó ti sinmi, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú lọ, a ó pe Lọ́ńdọ̀nù láti pálọ̀, a ó kí wọn díẹ̀, a ó wá gbé fóònù lọ fún ìyá ní yàrá ẹ̀yìn, a ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí òun àti ọmọ rẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ ara wọn.

Ìyá wa ní àìsàn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma. Wọ́n ti sọ fún wa pé èyí tí ó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò lè padà mọ́, pé oògùn tí a ń kán sí i lójú lálaalẹ́ wà láti dáàbò bo èyí tí ó kù ni. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ìyá wa bá rí lónìí, ohun iyebíye ni. Àbúrò wa sì ti bí ọmọkùnrin kan ní ìlú òyìnbó, ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá wa kò tíì fọwọ́ kàn rí. Inú fóònù yẹn nìkan ni ó ti mọ̀ ọ́n.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dára púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ojú ọmọ náà yóò di igun mẹ́rin mẹ́rin bí ẹní aláràbarà, yóò dúró gbagidi, ohùn yóò sì máa já bí òwú tí ó ti gbó. Ìyá wa yóò fa fóònù mọ́ ojú, yóò tún na ọwọ́ rẹ̀ jìnnà, yóò fi ẹ̀tì ìborùn nu gíláàsì rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé fóònù náà kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó pè wá wọlé, ó ní:

“Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Ojú mi ni. Ó ti ń lọ.”

A kò jiyàn. Àwòrán mọ́ ní pálọ̀ nígbà tí a gbé e lọ fún un, dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó jókòó tì í lórí ibùsùn yẹn kí ó fi ojú ara rẹ̀ wo fóònù náà níbi tí òun gbé ń wò ó. Láti ọjọ́ náà, bí Lọ́ńdọ̀nù bá pè, ìyá wa a máa ní kí a bá òun kí wọn. Ó ti gbà fún Ọlọ́hun pé òun kò ní mọ ojú ọmọ-ọmọ òun mọ́.

Ní ti àwa, a mọ̀ pé ohùn pàápàá ń já, nítorí náà a ní ẹnì kan ni ó ń fa íntánẹ́ẹ̀tì wa tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó gba yàrá kan ní iwájú ilé wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Nígbà tí ó dé, a fún un ní páásìwọ́ọ̀dù Wi-Fi lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ojú àwọn ayálégbé yòókù ni, a sì sọ fún un pé ẹni tí a ṣe lóore ni ó ń fi fíìmù gba ojú lọ́wọ́ ìyá wa. Ó wò wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá,” ó sì wọlé. Kò jiyàn, a sì rò pé àìjiyàn rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ẹyin mà ni ọ̀rọ̀, bí ó bá ti já bọ́, kì í ṣeé kó. Bẹ́ẹ̀ àwa kan náà ni à ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ iléékéwú ohun tí Súrátù Hújúrátì sọ nípa fífi àbá dá ẹni lẹ́jọ́.

Ọmọ wa obìnrin ni ó wá ilé fún ìsinmi ní ọdún 2024. Ó gbé fóònù ìyá wa, ó wò ó, ó sì pè wá.

“Bàbá, orúkọ méjì ni ẹ̀rọ yín ń pè. Ìkan ní 5G ní ìdí. Èéṣe tí kò fi sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀?”

A sọ òótọ́ fún un. Nígbà tí a ra ẹ̀rọ náà tí a rí 5G lára orúkọ kejì, ẹ̀rù bà wá. A rántí ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí ìròyìn ń lọ káàkiri pé 5G ni ó fa àrùn náà, tí àwọn kan tilẹ̀ dáná sun òpó ìbánisọ̀rọ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. A ti pàṣẹ fún gbogbo ará ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èyí tí ó ní 5G, pàápàá ní tòsí ìyá wa.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí ojú wa, ó dákẹ́, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní 5 ti inú orúkọ Wi-Fi àti 5G ti àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù kò bá ara wọn tan. Ìran karùn-ún nínú ọgbọ́n fóònù ni wọ́n ń pè ní 5G. Ní oṣù December ọdún 2021 ni àjọ NCC ta ìgbì rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọdún 2022 ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún títà. Nítorí náà, ní ọdún 2020 tí ẹ̀rù ń bà wá, wọn kò tíì máa tà á fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀ wa. Ìròyìn tí ó so ó mọ́ àrùn kòrónà kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí kòkòrò ni ó fa àrùn náà, ìgbì rédíò kì í sì í gbé kòkòrò. Ní ti 5 ti ara Wi-Fi, iye ìgbà tí ìgbì rẹ̀ ń mì ni. Ìgbì kìíní ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 2.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 5 àti díẹ̀. Òun ni wọ́n ń kọ ní 2.4 GHz àti 5 GHz.

Ẹ̀yin olùkà wa, ọmọ Ẹdẹ ni wá, ìlù ni ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ìlú Tìmì Adétóyèṣe Láoyè Kìíní ni Ẹdẹ, ọba tí ó jẹ láti ọdún 1946 títí di 1975, tí gbogbo ayé mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ mọ ìlù lù. Bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó ní àdúgbò kejì ní òru, kí ni a máa ń gbọ́ nínú yàrá wa? Ohùn ìlù ńlá ni, gbì, gbì, gbì. Ọ̀rọ̀ tí olórin ń sọ, ohùn ṣẹ́kẹ́rẹ́ àti agogo, ògiri ti gbà wọ́n lójú ọ̀nà. Ohùn ìsàlẹ̀ ń rìn jìnnà, ó ń la ògiri kọjá; ohùn òkè kì í rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó mọ́ kedere létí ẹni tí ó bá wà nítòsí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ 2.4 àti 5 ṣe rí. Ìgbì 2.4 gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, ti 5 kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6 lọ. Èyí àkọ́kọ́ ń la ògiri dáadáa ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n èkejì ní ojú ọ̀nà tí ó fẹ̀, ó sì ń yára.

Kí ni ó wá dé tí 2.4 fi há? Ọ̀nà gbogbo ayé ni. Ní ọdún 1947, nígbà ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Atlantic City ní Amẹ́ríkà, wọ́n ya àwọn ìgbì kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìwòsàn. Agbègbè 2.4 wà lára wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ máíkíròwéfù tí a fi ń gbé oúnjẹ kaná gbé ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ní ọdún 1985, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí àwọn ènìyàn máa fi irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 1997 ni a ṣe òfin àkọ́kọ́ fún irú ẹ̀rọ tí a wá mọ̀ sí Wi-Fi, ní ọdún 1999 ni a sì ṣe ti ọ̀nà 5. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ẹ̀rọ lè wọ 2.4: Wi-Fi wa, ti aládùúgbò ọ̀tún, ti aládùúgbò òsì, Bluetooth, máíkíròwéfù. A pín ọ̀nà náà sí ipa 13 ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ipa náà gun orí ara wọn. Mẹ́ta péré, ìyẹn 1, 6 àti 11, ni ó lè jókòó láìfarakanra. Ní ọdún 2023, àwa nìkan ni a ní Wi-Fi ní ojúlé wa. Nígbà tí ó fi di 2024, fóònù ọmọ wa ka orúkọ mẹ́sàn-án láti inú yàrá ìyá wa. Ó dà bí ojú ọ̀nà ọjà Tìmì ní ọjọ́ ọjà: kò sí ẹni tí ó dúró, kò sì sí ẹni tí ó lè sáré.

A béèrè lọ́wọ́ ọmọ wa pé, ká ní a kò tilẹ̀ fi ẹnu kọ̀ ọ́, ṣé fóònù kò ní mọ èyí tí ó dára fúnra rẹ̀ ni. Ó ní fóònù ni ó ń yan ọ̀nà lóòótọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ Wi-Fi, ṣùgbọ́n ariwo ni fóònù sábà máa ń tẹ̀lé. Ọ̀nà tí ohùn rẹ̀ bá rinlẹ̀ jù ni yóò lọ bá, bí ọ̀nà náà tilẹ̀ há. Bí ó bá sì ti dì mọ́ ọn, kì í tètè fi í sílẹ̀. Àwọn igi kéékèèké tí a ń rí lókè fóònù ń sọ bí ohùn ṣe lágbára tó. Wọn kì í sọ bóyá ọ̀rọ̀ yóò yé ni.

Ó wá fi iṣẹ́ hàn wá. Ó tan tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ sí eré àwọn ọmọdé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí àwọn ọmọ ṣe máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú. Ó gbé fóònù ìyá wa sí ọ̀nà 2.4 ní yàrá ẹ̀yìn, ó sì ní kí a jókòó sórí ibùsùn kí a wo àwòrán. Ojú tiwa tí kò ní àìsàn kankan kò rí nǹkan kan. Igun mẹ́rin mẹ́rin ni. A jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a kò lè sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣí ojú ewé ẹ̀rọ Wi-Fi náà. Nọ́ńbà 192.168.1.1 ni ó tẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ń lo 192.168.0.1, ó sábà máa ń wà lára pépà ẹ̀yìn ẹ̀rọ, pẹ̀lú páásìwọ́ọ̀dù tí a fi ń wọ ibẹ̀. Orúkọ gbogbo ohun tí ó so mọ́ ẹ̀rọ wà níbẹ̀: tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ẹnu géètì, fóònù àwọn ọmọ, kọ̀ǹpútà wa. Gbogbo wọn ni ó kó ara jọ sórí 2.4. A wá fóònù ayálégbé wa lọ, wá a bọ̀. Kò sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọmọ wa fi ń wò ó ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ohun tí a ṣe nìyí, kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lè rí i lò. A kọ́kọ́ yí orúkọ ọ̀nà méjèèjì padà. A kò jẹ́ kí wọn jẹ́ orúkọ kan náà, kí fóònù má baà máa yan èyí tí ó wù ú. A sọ ti 5 ní Ilé Aláàfíà Ìtòsí, a sọ ti 2.4 ní Ilé Aláàfíà Ọ̀nà Jíjìn. Èkejì, a mú tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà àti fóònù kọ̀ọ̀kan, a so wọ́n mọ́ Ìtòsí, a sì tẹ Forget sí orí orúkọ kejì kí wọn gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Nítorí bí fóònù bá ṣì rántí rẹ̀, yóò sá padà síbẹ̀ nígbà tí ẹ kò bá wò ó. Ẹ̀kẹta, nínú kọ̀ǹpútà wa tí ó ń lo Windows, ibì kan wà nínú ètò káàdì Wi-Fi rẹ̀ tí a kọ Preferred Band sí. A yan 5 níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní in. Ẹ̀kẹrin, kámẹ́rà géètì kò gbọ́ èdè mìíràn ju 2.4 lọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ irú ohun èlò kéékèèké bẹ́ẹ̀, nítorí náà a fi í sílẹ̀ níbẹ̀, a sì ti ipa 2.4 wa sí 11, nítorí pé ibẹ̀ ni èrò kò pọ̀ sí ní àdúgbò wa.

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ó lè máa darí fóònù fúnra wọn. Bí fóònù bá ń kan ilẹ̀kùn 2.4, ẹ̀rọ yóò ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́, títí fóònù yóò fi lọ kan ilẹ̀kùn 5. Èyí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé mìíràn, ṣùgbọ́n fóònù olórí kunkun kì í gbà, orúkọ méjì ni ó sì rọrùn jù fún wa.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan kù, òun ni ó ṣòro jù. Ògiri amọ̀ yàrá ìyá wa kì í jẹ́ kí 5 wọlé. Bí a bá fi dandan so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn láti pálọ̀, yóò burú ju ti àtijọ́ lọ ni. Kò sí ọ̀nà tí ó dára fún gbogbo ibi. Nítorí náà, a gbé ẹ̀rọ náà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, a gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sókè, ní ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá wa gan-an. A sún táǹkì omi tí ó wà níbẹ̀ kúrò, nítorí omi ń mu irú ìgbì yìí bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu òjò. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, kò sí ohun kan láàárín ibùsùn ìyá wa àti ẹ̀rọ náà.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, a bẹ ìyá wa kí ó bá wa wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní kí a má dán òun wò. A jókòó tì í. Lọ́ńdọ̀nù wọlé. Ìyá wa sún fóònù mọ́ ojú, ó dákẹ́ pẹ́ títí, ó wá ní:

“Ó ti hu eyín! Eyín méjì ní ìsàlẹ̀!”

Àbúrò wa ní, “Ìyá, ẹ rí i?”

“Mo rí i. Ti ọ̀tún ni ó gùn jù.”

Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ìyẹn, ẹkún ni. Àwa náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a kò fẹ́ kí ìyá gbọ́ tiwa.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, a lọ kan ilẹ̀kùn ayálégbé wa. A kò wọlé. A pè é síta, a sì pe àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ wa ní ọjọ́ kìíní, nítorí ojú ọjà tí a ti bu ènìyàn kù ni ó yẹ kí a ti dá ọlá rẹ̀ padà. A sọ fún wọn pé àwa ni a jẹ̀bi, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, àgbà ni wá. Nígbà tí àwọn yòókù lọ, ó wá sọ fún wa pé òun kò lo Wi-Fi wa láti ìgbà ààwẹ̀ tí ó kọjá, dátà ara òun ni òun ń rà, nítorí kò dé yàrá òun dáadáa.

“Bàbá, Wi-Fi kò dùn mí. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni ó dùn mí. Mo ní ìyá nílé.”

A kò ní èsì kankan tí a lè fọ̀. A tún bẹ̀ ẹ́ ni.

Ìbẹ̀rù ohun tí a kò wádìí ni ó ti ilẹ̀kùn ọ̀nà tí ó dára mọ́ wa. Àbá tí a kò wádìí ni ó mú wa bú aláìṣẹ̀. Ìgbàgbọ́ pé ojú ìyá wa ti lọ, èyí tí a kò wádìí, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lójú kí àìsàn tó fọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ kan náà ni, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá tán an.

A kò sọ pé ojú ìyá wa ti yá o. A ṣì ń kán oògùn rẹ̀ lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n ìríran tí ó kù fún un, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń fi wò báyìí, kì í fi wo igun mẹ́rin mẹ́rin mọ́. Bí àwòrán bá ń ṣú ní ilé yín, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ lọ jókòó sí ibi tí ẹni náà gbé jókòó, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó. Kí Ọlọ́hun dá ojú àwọn ìyá wa sí, kí ó sì máa là wá lóye. Àmín.